Àwòrán Ń Wọ́ Ẹsẹ̀, Bráósà Ni Wọ́n Ń Bú

Ọ̀sán gangan ni, nínú yàrá ńlá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Yaba, níbi táwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti máa ń yá tábìlì lò. Ọmọbìnrin kan tó ń ya àwòrán ìpolówó fún oníbàtà kan ṣí iṣẹ́ rẹ̀ lórí Figma. Ó fi mọ́ọ̀sì fa àkọlé kan láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún. Mọ́ọ̀sì ti débi tó ń lọ, àkọlé ò tíì ṣípò. Ó dúró, ó ń wò ó. Lójijì ni àkọlé fò, ó kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí, ó lọ gúnlẹ̀ sórí àwòrán bàtà.

"Bráósà ẹ ló ń ṣe é," ni ẹni tó jókòó tì í wí láìgbójú sókè. "Bọ́ sórí Chrome."

"Orí Chrome náà ni mo wà."

"Ó dáa, lo Firefox nígbà náà."

Ẹlòmíì ní Edge ló dáa jù, torí Chrome ń jẹ RAM. Ẹlòmíì tún ní Brave ni baba gbogbo wọn. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ fi dúró, tí ọ̀rọ̀ di ariwo.

Ọkùnrin tó máa ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe ló dìde nígbẹ̀yìn. Kò dá sí ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. "Àbúrò, sún díẹ̀ fún mi." Ó tẹ chrome://gpu síbi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì ìkànnì sí. Ojú ewé gígùn kan ṣí. Níbi tó yẹ kí àwọn ìlà òkè jẹ́ àwọ̀ ewé, pupa ló pọ̀ níbẹ̀. Bráósà náà ò lo ẹ̀rọ ayàwòrán inú kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ń pè ní GPU, rárá. Prósẹ́sọ̀ nìkan ló ń dá gbogbo àwòrán yà.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló pa á?"

"Bóyá ìwọ, bóyá ẹni tó tà á fún ẹ." Ó wọ inú sẹ́tíǹsì, ó tan bọ́tìnnì kan tí ẹnìkan ti pa, ó ti Chrome, ó tún un ṣí. Ó fa àkọlé. Àkọlé ń tẹ̀ lé e.

Irú ẹjọ́ báyìí ò mọ sí Yaba. Ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà wo ni kì í to àwọn bráósà tẹ̀léra, tó ń fún wọn ní máàkì, tó ń kéde èyí tó gba ipò kìíní? Tó bá jẹ́ pé ìròyìn lèèyàn fẹ́ kà, tàbí pé ó fẹ́ wo owó tó kù nínú àkáǹtì rẹ̀, ìyàtọ̀ àárín wọn kéré débi pé ojú lè má rí i. Ṣùgbọ́n Figma, Canva, Photoshop orí íntánẹ́ẹ̀tì, Google Earth àti àwọn géèmù oníhà mẹ́ta ń ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan sójú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì ń tún gbogbo rẹ̀ yà bí ọwọ́ bá ti yẹ̀. Ní tèmi o, lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ bráósà ló yẹ kó kẹ́yìn nínú ohun tá a máa wò. Ọ̀nà tó wà láàárín ojú ewé àti GPU ló ṣáájú. Ẹni tó kọ áàpù náà, àti bráósà tó ní lọ́kàn nígbà tó ń kọ ọ́, ló tẹ̀ lé e.

Mílísẹ́kọ́ńdì 16

Èyí tó pọ̀ jù nínú ojú kọ̀ǹpútà máa ń pààrọ̀ àwòrán nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àkókò tí bráósà ní lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 16.7 lọ nìyẹn. Láàárín àkókò yìí, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí mọ́ọ̀sì ń wí, kó ṣe iṣẹ́ tí kóòdù JavaScript bá rán an, kó ṣírò ibi tí gbogbo nǹkan máa dúró sí, kó yà wọ́n, kó sì gbé wọn fún ojú ẹ̀rọ. Bó bá pẹ́ díẹ̀, àwòrán yẹn ti bọ́ nìyẹn, ti tẹ́lẹ̀ ni ojú ẹ̀rọ á tún fi hàn. Bó bá ń bọ́ lemọ́lemọ́, ohun tí ojú wa máa rí ni pé nǹkan ń fà, ó tún ń ta kọ́ọ́.

Ẹni tó bá ra kọ̀ǹpútà tuntun tí ojú rẹ̀ ń pààrọ̀ nígbà 120, àkókò bráósà rẹ̀ ti di mílísẹ́kọ́ńdì 8.3. Àwọn kan wà tí wọ́n ra irú rẹ̀, tí wọ́n wá ń sọ pé Chrome àwọn ti lọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Chrome ò yí padà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀ ló di ìlọ́po méjì.

Prósẹ́sọ̀ dà bí ọ̀gá aránṣọ tó mọ gbogbo iṣẹ́, àmọ́ tó jẹ́ pé ẹyọ aṣọ mélòó kan péré ló lè mú dání lẹ́ẹ̀kan. GPU ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ iṣẹ́ tí kálukú wọn ò mọ̀ ju kó rán bọ́tìnnì lọ, ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn ń rán an pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú kọ̀ǹpútà tó jẹ́ 1920 ní ìbú, 1080 ní òró, ní ẹyọ àwọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 2. Bọ́tìnnì mílíọ̀nù 2, nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan: iṣẹ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. Bráósà lẹni tó ń gbé iṣẹ́ láti ọwọ́ ọ̀gá lọ fún wọn, ibẹ̀ gan-an sì ni bráósà kan ti ń yàtọ̀ sí èkejì.

Bí ọ̀nà yẹn bá dí, Chrome á gbé iṣẹ́ fún sọ́fítíwíà tó ń fi prósẹ́sọ̀ ṣe iṣẹ́ GPU. Firefox náà ní tirẹ̀. Ojú ewé á ṣí, àwòrán á jáde, ẹni tó ń lò ó ò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀, àfi ariwo fáànù.

Kí ló wá ń dí ọ̀nà? Dráífà ni lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí Windows àti GPU gbọ́ ara wọn yé. Chrome àti Firefox ní àkójọ àwọn GPU àti dráífà tí wọ́n ti mọ̀ pé ó ń ṣe ségesège. Bí wọ́n bá bá ọ̀kan nínú wọn lórí ẹ̀rọ, wọ́n á yẹra fún un. A ò lè bá wọn wí, torí dráífà tí kò dáa lè dá gbogbo kọ̀ǹpútà dúró.

Oníṣẹ́ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Computer Village, Ìkẹjà, sọ pé bí wọ́n bá gbé tòkúnbọ̀ wá fún òun, tí wọ́n ní bráósà rẹ̀ ń fà, dráífà lòun kọ́kọ́ ń wò. "Wọ́n á gbé e dé, wọ́n á pa Windows tó wà lórí ẹ̀ rẹ́, wọ́n á fi òmíì sí i wàràwàrà kó lè tà. Dráífà Intel tó yẹ kó tẹ̀ lé e ò sí níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wò ó nínú Device Manager, Microsoft Basic Display Adapter lẹ máa bá. Kò sí bráósà tó máa yá lórí ìyẹn, kódà kẹ́ ẹ lọ gbé èyí tó wà lọ́run wá."

Kí Flash tó kú

Kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí bráósà fi di ẹni tó ń ya àwòrán ńlá fúnra rẹ̀. Láyé ìjọ́sí, ẹni tó bá fẹ́ ta géèmù lórí ìkànnì á fi Flash sórí ẹ̀rọ rẹ̀. Flash ló ń yà á, bráósà kàn yọ̀ǹda àyè onígun mẹ́rin kan fún un ni. Ìdí nìyẹn tí géèmù Flash kan náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà nínú Internet Explorer àti nínú Firefox. Àmọ́ Flash ń mu bátìrì, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, Steve Jobs, ọ̀gá Apple nígbà náà, kọ lẹ́tà ìta gbangba tó fi ṣàlàyé ìdí tí Flash ò fi ní wọ iPhone. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020, Adobe tó ni ín fúnra rẹ̀ jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ohun tó rọ́pò rẹ̀ ti ń bọ̀ tipẹ́. Ní 2004, Apple gbé canvas jáde, àyè tí kóòdù ti lè ya ohun tó bá wù ú. Ní 2006, Vladimir Vukićević ní Mozilla, àwọn tó ni Firefox, bẹ̀rẹ̀ sí dán an wò bóyá canvas lè ya àwòrán oníhà mẹ́ta. Láti ibẹ̀ ni WebGL ti jáde, tí ẹgbẹ́ Khronos sì gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ síta ní oṣù kẹta ọdún 2011. Ojú ewé lásán ti lè bá GPU sọ̀rọ̀ láìfi ohunkóhun kún bráósà.

Microsoft kọ̀ ọ́ lọ́dún yẹn, wọ́n ní ewu wà níbẹ̀. Ọdún 2013 ni wọ́n tó gbà á sínú Internet Explorer 11. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe àwáwí lásán o. Àwọn tó ń ṣe dráífà ò rò ó pé àlejò tí wọn ò mọ̀ rí lè máa ti orí íntánẹ́ẹ̀tì pàṣẹ fún un. Nítorí ìyẹn ni bráósà fi ń yẹ gbogbo àṣẹ WebGL wò kó tó jẹ́ kó kọjá. Ìyẹ̀wò yẹn ń jẹ nínú mílísẹ́kọ́ńdì 16 tá a sọ lẹ́ẹ̀kan. Áàpù tó bá ń fi àṣẹ kéékèèké ránṣẹ́ lọ́pọ̀ yanturu á jẹ̀ ẹ́ tán lórí ìyẹ̀wò nìkan.

Adágún omi Evan Wallace

Nígbà tó wà ní Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà, Evan Wallace fi WebGL ya adágún omi kan sínú bráósà. Èèyàn lè fi mọ́ọ̀sì ru omi náà, bọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ń mì nísàlẹ̀ rẹ̀ bí omi ṣe ń rú. Òun àti Dylan Field, tí wọ́n jọ wà nílé ẹ̀kọ́ náà, dá Figma sílẹ̀ ní 2012. Ọdún 2016 ni gbogbo ayé tó lè lò ó.

Wọn ò gbé ọkàn lé bí bráósà ṣe ń to ojú ewé. C++ ni wọ́n fi kọ inú áàpù náà, wọ́n wá kọ ètò ìyàwòrán tara wọn sórí WebGL. Ní 2017, WebAssembly dé sínú bráósà ńláńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìgbà yẹn, ìyẹn ọ̀nà tí kóòdù C++ lè gbà sáré nínú bráósà bí ẹni pé orí kọ̀ǹpútà gan-an ló wà. Figma kéde lọ́dún náà pé iṣẹ́ ti ń ṣí ní ìlọ́po 3 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ yẹn díẹ̀. Bráósà kan náà ni, kọ̀ǹpútà kan náà, ṣùgbọ́n nǹkan yá ní ìlọ́po mẹ́ta nítorí pé ẹni tó kọ áàpù yí ọ̀nà padà. Èwo nínú ìyàtọ̀ àárín Chrome àti Firefox ló tó ìyẹn? Ohun mìíràn ni pé nígbà tó jẹ́ pé Figma ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ya nǹkan, bí bráósà ṣe ń yára to ọ̀rọ̀ àti àpótí sójú ewé, tó jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ìdánwò ń wọ̀n, kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án.

Àwọn kan ti sú, wọ́n wá gbé áàpù Figma ti Windows sórí ẹ̀rọ kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ bráósà. Irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Electron ni wọ́n fi ṣe áàpù yẹn, Chromium, ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ́ Chrome lé, ló sì wà nínú Electron. Wọ́n sá fún Chrome, wọ́n bá a nílé.

Lórí kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB, ọ̀rọ̀ àyè tún wà níbẹ̀. GPU Intel tó wà nínú ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ ò ní àyè ìpamọ́ tirẹ̀, inú RAM kan náà ló ti ń yá. Windows ti mú tirẹ̀, táàbù mẹ́wàá tó ṣí sílẹ̀ ti mú tiwọn, GPU tún na ọwọ́. Bí RAM bá tán, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí kó nǹkan lọ sínú dísìkì, yóò tún máa kó wọn padà, àwòrán á dúró sójú kan.

Chrome tí wọ́n ń pè ní olójúkòkòrò, apá kan nínú ohun tó ń jẹ jẹ́ owó ààbò. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, àwọn olùwádìí tú àṣírí Spectre, àbùkù inú prósẹ́sọ̀ tó lè jẹ́ kí ìkànnì kan yọjú wo nǹkan ìkànnì mìíràn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Chrome bẹ̀rẹ̀ sí fún ìkànnì kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀. Google sọ nígbà náà pé ó fi nǹkan bí ìdá 10 sí 13 nínú ọgọ́rùn-ún kún RAM tí Chrome ń lò. Firefox ṣe irú rẹ̀ nígbà tó yá.

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo

Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, Google gbé Google Earth tuntun jáde, èyí tó ń ṣí nínú bráósà. Inú Chrome nìkan ló ti ń ṣí. Ẹni tó bá gbé Firefox lọ síbẹ̀, wọ́n á ní kó lọ gbé Chrome wá. Native Client, ìmọ̀ ẹ̀rọ Google tí Mozilla kọ̀ láti gbà, ni wọ́n fi kọ́ ọ. Firefox ì báà yá ju ìjì lọ, kò lè ran ẹni tó ń lò ó lọ́wọ́.

Oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí i fún Firefox, Edge àti Opera, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e sórí WebAssembly. Safari ò sí lára wọn nígbà yẹn. WebGL 2, ẹ̀dà kejì WebGL tó ti jáde láti 2017, kò di ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú Safari láìjẹ́ pé èèyàn lọ tàn án fúnra rẹ̀ títí di Safari 15 ní 2021.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí ojú ò rí. Nítorí Spectre náà ni àwọn bráósà ṣe pa SharedArrayBuffer, ohun tó ń jẹ́ kí kóòdù pín iṣẹ́ kan fún ọ̀pọ̀ apá prósẹ́sọ̀. Chrome orí kọ̀ǹpútà dá a padà ní 2018. Firefox dá tirẹ̀ padà ní 2020. Bí ẹnikẹ́ni bá fi áàpù tó nílò rẹ̀ wọn àwọn méjèèjì láàárín ìgbà yẹn, Chrome á borí, kò sì ní kan ìyàwòrán rárá.

Awọnlẹ̀ kan ní Ìbàdàn tó máa ń fi Google Earth wo ilẹ̀ kó tó gbéra lọ síbẹ̀ rántí ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. "Firefox la ń lò lọ́fíìsì wa fún gbogbo nǹkan. Torí Google Earth nìkan la ṣe gbé Chrome sórí ẹ̀rọ. Nígbà tó ti wà níbẹ̀ tán, gbogbo wa kúkú bẹ̀rẹ̀ sí lò ó fún nǹkan tó kù. Mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí a pa Firefox tì."

Kò sí ẹni tó wọn ìyára kankan nínú ìtàn yẹn.

Orúkọ pọ̀, ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ni

Chrome, Edge, Opera, Brave, Vivaldi, Samsung Internet: ẹ́ńjìnnì Blink, ìyẹn apá bráósà tó ń sọ kóòdù ojú ewé di àwòrán, ni gbogbo wọn ń lò, láti inú Chromium tí Google ń darí. Opera pa tirẹ̀ tì ní 2013. Microsoft gbé Edge orí Chromium jáde ní oṣù kìíní ọdún 2020. Nítorí náà, ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà lórí Chrome àti Edge ń jà lórí ẹ́ńjìnnì kan náà. Ohun tó lè ya wọ́n ni àfikún tí kálukú gbé sínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń mú táàbù tí a ò lò sùn, àti èyí tó kọ́kọ́ rí àtúnṣe gbà. Firefox ni Gecko, Safari ni WebKit. Blink fúnra rẹ̀, ara WebKit ló ti yapa ní 2013.

Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n tún sún mọ́ ara wọn ju báyìí lọ. ANGLE, iṣẹ́ ọwọ́ Google, ló ń tú àṣẹ WebGL sí Direct3D tí Windows gbọ́. Chrome ń lò ó, Firefox ń lò ó lórí Windows, Safari náà ti gbà á wọlé láti tú WebGL sí Metal ti Apple. Bí omi adágún Wallace bá ń ru lórí Windows, ì báà jẹ́ nínú Chrome tàbí Firefox, ojú ọ̀nà kan náà ni yóò gbà dé ọ̀dọ̀ GPU.

Ibi tí Firefox ti dá yàtọ̀ gan-an ni WebRender, tí wọ́n fi èdè Rust kọ, tó jáde láti inú iṣẹ́ ìwádìí Servo. Ó ń gbé ojú ewé odindi fún GPU lọ́nà tí àwọn tó ń ṣe géèmù ń gbà ṣe é. Oṣù karùn-ún ọdún 2019 ló kọ́kọ́ dé ọwọ́ àwọn olùlò díẹ̀, tí wọ́n wá ń fi kún wọn díẹ̀díẹ̀.

Lórí iPhone, ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ pani lẹ́rìn-ín. Apple pàṣẹ pé WebKit ni gbogbo bráósà orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ lò. Ẹ ó rí ẹni tó ní Chrome yá ju Safari lọ lórí iPhone òun, ẹ́ńjìnnì kan náà ló sì wà nínú àwọn méjèèjì. Òfin European Union ló fipá mú Apple ní 2024 kó yọ̀ǹda ẹ́ńjìnnì mìíràn fún àwọn orílẹ̀-èdè ibẹ̀.

Ká má gbàgbé Opera Mini, tó jẹ́ pé òun ló mú ọ̀pọ̀ èèyàn nílẹ̀ wa mọ íntánẹ́ẹ̀tì, torí pé ó ń ṣọ́ dátà lò. Nínú ètò rẹ̀ tó ń dín dátà kù jù lọ, kọ̀ǹpútà Opera tó wà níbòmíràn ló ń ṣí ojú ewé, tó ń fún un pọ̀, tó wá ń fi èyí tó ti sè jinná ránṣẹ́ sí fóònù. Fún ìròyìn kíkà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò lágbára, kò lẹ́gbẹ́. Géèmù WebGL ò lè gba ibẹ̀ kọjá, nítorí pé GPU inú fóònù ò sí nínú ètò yẹn rárá. Bráósà tó yá jù fún iṣẹ́ kan ò lè bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Máàkì àti ohun tó ń bò mọ́lẹ̀

Google ní ìdánwò ìyára kan tẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ Octane. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, Google fúnra rẹ̀ pa á tì. Àwọn tó ń kọ ẹ́ńjìnnì ti mọ ìdánwò náà ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ń tún kóòdù ṣe kí máàkì Octane lè ga, ìkànnì gidi ò rí àǹfààní kankan níbẹ̀, ó tiẹ̀ ń pa òmíràn lára.

Èyí tó lókìkí jù báyìí ni Speedometer. Ẹ̀dà 3.0 rẹ̀ jáde ní oṣù kẹta ọdún 2024, Apple, Google àti Mozilla sì jọ fọwọ́ sí i. Nǹkan rere ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wọ̀n jù ni bí ojú ewé ṣe ń yára dáhùn nígbà tí èèyàn bá tẹ nǹkan. MotionMark, láti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ WebKit, ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa: ó máa ń di ẹrù lé bráósà lórí díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi ní lè bá àkókò mu mọ́, ó wá kọ iye tó gbé sílẹ̀. Èyí náà ò tó, torí pé WebGL kọ́ ni ó ń dán wò. Ẹni tó bá fi máàkì MotionMark pinnu ibi tó ti máa lo Figma kàn ń ta tẹ́tẹ́ ni.

Àwọn kan ń lo WebGL Aquarium, odò gíláàsì tí èèyàn lè máa fi ẹja kún títí dé 30,000. Ẹja 500 wọ inú rẹ̀, Chrome kọ 60, Firefox kọ 60, wọ́n ní ọgbọọgba ni. Ojú kọ̀ǹpútà ni kò lè pààrọ̀ ju 60 lọ. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú lábẹ́ ẹrù náà, kí èkejì máa ṣeré.

Ẹnjiníà sọ́fítíwíà kan ní Lẹ́kí sọ nípa ọ̀gbẹ́ni kan tó fọ́nnu fún un pé Chrome lu Firefox mọ́lẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà òun. "Kọ̀ǹpútà tó ní GPU méjì ni, ti Intel àti ti Nvidia. Nígbà tá a wò ó, Windows ti fún Chrome ní ti Nvidia, ó fún Firefox ní ti Intel. Mo ní, 'Bọ̀ọ̀dá, GPU méjì lẹ dán wò, kì í ṣe bráósà.' Inú ẹ̀ ò dùn."

Ibẹ̀ náà lọ̀rọ̀ iná ti wọlé. Láìjẹ́ pé èèyàn yí i padà, bí bátìrì bá ti wálẹ̀ dé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, Chrome á tan ètò ìfipamọ́ iná rẹ̀, á dín ohun tó ń yí lójú ẹ̀rọ kù. Windows fúnra rẹ̀ máa ń fa ìjánu prósẹ́sọ̀ nígbà tí okùn iná ò bá sí lára. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín ìdánwò méjì, bráósà tó kẹ́yìn ló jẹ gbèsè.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́, iṣẹ́ rẹ̀ tó wúwo jù ni kó ṣí. Kó kọ́kọ́ wo chrome://gpu, tàbí about:support bó bá jẹ́ Firefox, kó lè dá a lójú pé GPU ń ṣiṣẹ́, àti pé GPU kan náà ni. Kó ki okùn iná bọ̀ ọ́. Kó pa gbogbo táàbù yòókù. Kó ṣe iṣẹ́ gidi fúngbà díẹ̀ títí tí ẹ̀rọ á fi gbóná, torí ẹ̀rọ tó gbóná a máa lọ́ra, ìṣẹ́jú kìíní ò sì lè fi ìyẹn hàn. Bó bá tẹ Shift àti Esc pọ̀ nínú Chrome, yóò rí iye RAM tí táàbù kọ̀ọ̀kan ń jẹ. About:processes ló ń ṣe irú rẹ̀ nínú Firefox. Lẹ́yìn náà, kó gbé iṣẹ́ kan náà lọ sínú bráósà kejì. Èyí tó bá jáde lórí ẹ̀rọ rẹ̀ lè má bá ti ẹnì kejì mu, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀.

WebGPU àti àwọn tó ń kọ áàpù

Ìdíje tuntun ti bẹ̀rẹ̀ o. WebGPU ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò WebGL, wọ́n sì gbé e ka orí ọ̀nà tuntun tí GPU òde òní ń gbọ́: Vulkan, Metal àti Direct3D 12. Áàpù lè to ọ̀pọ̀ àṣẹ jọ, kí bráósà yẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì máa lò wọ́n lọ. Ìyẹ̀wò tó ń jẹ mílísẹ́kọ́ńdì dín kù nìyẹn. GPU tún lè máa ṣe ìṣirò tí kò jẹ mọ́ àwòrán, ìdí nìyí tí àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ láti ronú bí èèyàn fi ń gbóríyìn fún un.

Chrome gbé e jáde nínú ẹ̀dà 113 ní 2023. Firefox orí Windows rí i ní oṣù keje ọdún 2025, Safari 26 rí i ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Fún bí ọdún méjì, áàpù tó bá dá lé WebGPU nìkan, inú Chrome àtàwọn ìbátan rẹ̀ ló ti lè ṣí lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Google Earth ló tún fẹ́ ṣẹlẹ̀ yẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé Mozilla àti Apple wà níbi tí wọ́n ti jọ ṣe òfin rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹrù tòkúnbọ̀ tí GPU rẹ̀ ti pẹ́ ò sì ní rí i lò bó ti wù kí bráósà rẹ̀ jẹ́ tuntun tó.

Obìnrin kan tó ń darí àwọn akóòdù nílé iṣẹ́ kan ní Èkó ti kọ́gbọ́n níbẹ̀. Áàpù wọn ń jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ ra ilé rìn yíká inú ilé náà lójú bráósà kó tó lọ rí i. "Gbogbo wa ló ń lo MacBook, Chrome sì ni gbogbo wa ń lò. Lọ́dọ̀ tiwa, ó ń yọ̀ wẹ̀ẹ̀. Oníbàárà wá pè wá pé fóònù òun ti gbóná, ojú ẹ̀ ti dúdú. A kọ́kọ́ sọ fún un pé kó lọ gbé Chrome tuntun wá. Chrome tuntun ló wà lọ́wọ́ ẹ̀."

Wọ́n ra fóònù Android olówó pọ́ọ́kú kan àti kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ kan tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB, wọ́n gbé wọn sórí tábìlì lọ́fíìsì. Wọ́n dín ìwọ̀n àwòrán ara ògiri kù, wọ́n yọ àwọn igun tí ojú ò lè rí kúrò lára àga àti tábìlì inú ilé náà, wọ́n sì ń to àṣẹ jọ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Iṣẹ́ tuntun kì í jáde mọ́ títí wọ́n á fi ṣí i nínú Chrome, Firefox àti Safari, àti lórí àwọn ẹ̀rọ méjèèjì tó wà lórí tábìlì yẹn. "Àwọn ọmọkùnrin mi kọ́kọ́ ń ráhùn," ni obìnrin náà wí. "Ní báyìí, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń du fóònù yẹn mọ́ ara wọn lọ́wọ́."